Bí Dókítà Bá Ní Ká Gbé Aláìsàn Lọ Síbòmíràn: Iṣẹ́ Tó Wà Láàárín Ọsibítù Méjì

“Ẹ máa gbé e lọ sí ọsibítù ńlá.” Kò sí ẹbí tí gbólóhùn yìí ń dùn mọ́ nínú. Bí dókítà bá ti sọ ọ́ tán, ẹnì kan á gbà pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ, ẹlòmíràn á ní ńṣe ni wọ́n fẹ́ lé àwọn, ẹni tó mú owó dání á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ohun tó ti san láti àárọ̀. Bẹ́ẹ̀, kí dókítà rẹ́fà aláìsàn síbi tí ọwọ́ á ti ká àìsàn rẹ̀ jẹ́ ara ìtọ́jú, bí abẹ́rẹ́ àti oògùn ṣe jẹ́. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é tó fi ń gba ẹ̀mí là, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é tó fi ń di ewu. Ohun tó ń ká mi lára jù níbẹ̀ ni àwọn tó ń kú láàárín ọ̀nà, nígbà tí ẹni tó fi wọ́n ránṣẹ́ ti gbà pé iṣẹ́ òun parí, tí ibi tí wọ́n ń lọ kò sì tíì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀.

Kò sí orílẹ̀-èdè, bó ti wù kó lówó tó, tó lè kó gbogbo ẹ̀rọ àti gbogbo àgbà dókítà sí gbogbo ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ owó nìkan sì kọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ gbọ́dọ̀ máa ṣe é lemọ́lemọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ má baà jáde nínú iṣẹ́; bí wọ́n bá fọ́n irú wọn káàkiri, tí oníkálukú wọn wá ń rí aláìsàn kan ṣoṣo lóṣù mélòó kan, aláìsàn yẹn ni yóò jìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú fi ní ìpele. Ní 1920, ìgbìmọ̀ kan tí dókítà Bertrand Dawson ṣe olórí rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dábàá pé kí ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé wà nítòsí àwọn èèyàn, kí èyí tó lágbára jù ú lọ wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ọsibítù tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà sì wà lókè pátápátá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, aṣojú orílẹ̀-èdè 134 pàdé ní ìlú Alma-Ata ní Kazakhstan, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìkéde wọn pé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé kò lè dá dúró láìsí ètò tó so ó mọ́ àwọn ọsibítù tó jù ú lọ, kí ìkíní sì máa ti ìkejì lẹ́yìn. Gbogbo èèyàn ló rántí apá ìtọ́jú alábọ́ọ́dé nínú ìkéde yẹn. Apá tó sọ̀rọ̀ nípa okùn tó yẹ kó so ìpele kan mọ́ èkejì ni wọ́n tètè gbàgbé.

Láwọn ibì kan, bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Netherlands, èèyàn kì í ṣàdédé lọ bá àgbà dókítà. Dókítà ìdílé rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí, òun náà ló máa kọ̀wé bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ohun tí òun lè ṣe. Ètò yẹn máa ń jẹ́ kí ọsibítù ńlá ráyè fún àwọn tí ìṣòro wọn le. Ṣùgbọ́n bí ẹnu ọ̀nà bá ti wà, ó gbọ́dọ̀ yára ṣí nígbà tó bá yẹ kó ṣí. Lórí àrùn jẹjẹrẹ, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa á láṣẹ ní 2000 pé ẹni tí dókítà bá fura sí gbọ́dọ̀ rí àgbà dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní 2023 wọ́n yí i padà: láàárín ọjọ́ 28, kí wọ́n sọ fún aláìsàn bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun. Ìyípadà yẹn dára lójú mi. Ìdáhùn ni aláìsàn ń wá, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ rí i.

Níbi pàjáwìrì ni ọ̀rọ̀ ti gbóná. Ẹ jẹ́ ká gbé obìnrin kan yẹ̀ wò tó bímọ nílé ìwòsàn kékeré. Ọmọ ké, inú gbogbo èèyàn dùn, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kò dá. Irú ẹ̀jẹ̀ yìí lè pa ìyá tí ara rẹ̀ le koko láàárín wákàtí méjì. Agbẹ̀bí tó mọṣẹ́ kò ní kàn sáré wá mọ́tò. Á fi ọwọ́ ra á lábẹ́ ìdodo títí ilé ọmọ yóò fi le, á fún un ní oxytocin, oògùn tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì, á fa omi sí i lápá, á tú ìtọ̀ kúrò nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀, bí tranexamic acid, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bá sì wà, á fún un lójú ẹsẹ̀, torí àárín wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ ni oògùn yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe ń ṣe èyí, ẹlòmíràn ti wà lórí fóònù pẹ̀lú ọsibítù tí wọ́n ń gbé e lọ: ẹ bá wa wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rèé, ẹ jẹ́ kí yàrá iṣẹ́ abẹ wà ní ṣíṣí. Bí wọ́n bá wá gbé e dé, yàrá iṣẹ́ abẹ tààrà ni. Obìnrin mìíràn tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀ ní wákàtí kan náà, tí wọ́n kàn gbé sínú ọkọ̀ pẹ̀lú bébà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, orí àga ìdúródeni ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e jókòó lé, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọkọ rẹ̀ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọsibítù kan náà, dókítà kan náà, àìsàn kan náà.

Ohun tí wọ́n ṣe kí aláìsàn tó gbéra máa ń pinnu ohun tí yóò bá délẹ̀. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti di gìrì sí lára nílò magnesium sulphate, oògùn tó ń dá gìrì dúró. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní bí kò bá tilẹ̀ ṣeé ṣe láti parí oògùn náà níbi tó wà, kí wọ́n fún un ní ìwọ̀n àkọ́kọ́ kí wọ́n tó gbé e, torí gìrì kì í dúró de ọsibítù. Fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, WHO àti UNICEF ṣe ìlànà kan láàárín àwọn ọdún 1990 tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń tẹ̀ lé títí dòní: ọmọ tí kò lè mu ọmú tàbí omi, tó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, tó ní gìrì, tàbí tó ń sùn tí kò ṣeé jí, kó lọ sí ọsibítù láìjáfara. Ìlànà náà kò dúró síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún ọmọ náà ní ìwọ̀n àkọ́kọ́ oògùn agbógunti kòkòrò, kí wọ́n sì rí i pé ṣúgà ara rẹ̀ kò já, kó tó kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ artesunate, oògùn ibà tí wọ́n ń kì sí ìdí ọmọdé kọ́ àgbáyé lẹ́kọ̀ọ́ ńlá lórí èyí. Oògùn yìí dára gan-an; fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà tí ibà le mọ́ lára níbi tí kò sí abẹ́rẹ́, ó ń dá kòkòrò ibà dúró títí wọ́n á fi gbé e dé ọsibítù. Nígbà tí wọ́n wá pín in lọ́pọ̀ ní Congo Kinshasa, Nàìjíríà àti Uganda, lábẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní CARAMAL, iye ọmọ tó ń kú kò dín kù bí wọ́n ṣe retí. Oògùn náà kò bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò dé ọsibítù lẹ́yìn tí wọ́n lò ó tán, torí ara wọn ti dà bíi pé ó yá díẹ̀. Àwọn mìíràn dé ọ̀hún, wọn ò rí ìtọ́jú náà gbà parí. Ní 2022, WHO fi ìkìlọ̀ síta pé kí àwọn orílẹ̀-èdè má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé oògùn yìí nìkan níbi tí ètò àtigbé ọmọ dé ọsibítù àti àtitọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ kò bá dúró ire. Mo máa ń fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ra oògùn fún ìjọba ka ìtàn yìí.

Àìsàn rọpárọsẹ̀ tún yàtọ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó tó mílíọ̀nù 1.9 ló ń kú ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan; Jeffrey Saver, dókítà ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, ló ṣírò rẹ̀ ní 2006. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì náà ní láti wọlé láàárín wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀. Fífi wáyà tín-ínrín fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde lè ṣeé ṣe títí di wákàtí 24 fún àwọn aláìsàn kan, àmọ́ ọsibítù díẹ̀ ló lè ṣe é. Nítorí náà, ọsibítù tó sún mọ́ni jù lè máà jẹ́ ibi tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbéni lọ. Ibi tí ètò bá ti dúró dáadáa, awakọ̀ ambúlàǹsì ti mọ ọsibítù tó ní síkáànì àti oògùn náà. Bí èyí tó wà nítòsí bá lè bẹ̀rẹ̀ oògùn ṣùgbọ́n tí kò lè fà á jáde, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ oògùn níbẹ̀, wọ́n á sì gbé aláìsàn lọ pẹ̀lú omi oògùn lápá.

Ọmọ tí kò tó oṣù láti bí náà ní tirẹ̀. Inú ìyá rẹ̀ ni ọkọ̀ tó dára jù fún un. Bí dókítà bá rí i pé ìrọbí fẹ́ dé kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 28, tí ọsibítù rẹ̀ kò sì ní ohun èlò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìyá ni kó gbé lọ nígbà tí àyè ṣì wà, kó má dúró dìgbà tí ọmọ bá jáde. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2019 fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n gbé láti ọsibítù kan sí òmíràn lẹ́yìn tí wọ́n bí wọn tán ní ìpalára ọpọlọ ju àwọn tí wọ́n bí síbi tí ìtọ́jú wọn wà lọ. Bí kò bá sì sí ọ̀nà mìíràn tí ọmọ ní láti rìnrìn àjò, àyà ìyá rẹ̀, ara sí ara, lè mú un móoru dé ọ̀hún. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà ní Bogotá, ní Colombia, ti ń kọ́ àgbáyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Nípa lẹ́tà. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ pé “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tọ́jú aláìsàn yìí. Ẹ ṣé,” kò sì sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Dókítà tó gbà á máa bẹ̀rẹ̀ gbogbo nǹkan látorí òdo, ó tilẹ̀ lè tún fún aláìsàn ní oògùn tí wọ́n ti fún un ní wákàtí kan sẹ́yìn. Lẹ́tà tó dára kò gùn. Ó ń sọ ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n bá lára rẹ̀, oògùn tó ti gbà, ìwọ̀n rẹ̀ àti aago tí wọ́n fún un, oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà, ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó kọ ọ́. Aago yẹn ṣe pàtàkì. “Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀” kò tó nǹkan kan. “80/50 ní aago 2:10, ó jẹ́ 110/70 ní aago 1:30” ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń sáré tó.

Kí wọ́n tún pe fóònù, lẹ́tà nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ ọsibítù ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní ọ̀nà kan tó ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n ń pè ní SBAR. Ohun mẹ́rin ni wọ́n máa ń sọ tẹ̀ léra: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí, ìtàn aláìsàn ní ṣókí, ohun tí mo rò pé ó ń ṣe é, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Nọ́ọ̀sì tó bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú kan ti pọ̀ jù fún un, dókítà àgbà tó ń gbọ́ kò sì ní í bi í pé “kí lo wá fẹ́?”

Ní 1994, olùwádìí méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, kọ̀wé lórí ìdí tí àwọn aboyún fi ń kú, wọ́n sì rí ibi mẹ́ta tí àkókò ti ń ṣòfò: ilé, níbi tí wọ́n ti ń pinnu bóyá kí wọ́n lọ, ojú ọ̀nà, àti inú ọsibítù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dé. Ẹbí ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi lórí ti àkọ́kọ́. Mo fẹ́ ká wo ẹ̀kẹta dáadáa, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí ohun tó burú jù: wọ́n ti gbé aláìsàn dé ẹnu géètì, wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n gbìyànjú ibòmíràn. Ibòmíràn náà ní kò sí. Ọkọ̀ ń yí ká ìlú, ẹ̀mí ń lọ. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan burú débi pé àwọn ọsibítù kan ń ti aláìsàn tí kò lówó jáde lọ sí ti ìjọba láìtíì mú ẹ̀mí rẹ̀ dúró, títí òfin EMTALA fi jáde ní 1986. Òfin náà ní kí ọsibítù tó bá gba owó ìjọba lórí ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà yẹ ẹnikẹ́ni tó bá wá ní pàjáwìrì wò, kó mú un dúró dáadáa, kó má sì gbé e lọ síbòmíràn àfi bí ibẹ̀ bá ti gbà pé àwọn ní àyè, kí ìwé rẹ̀ sì bá a lọ. Àwọn ìlànà yẹn kò ṣòro. Ìpè kan ni, ìdáhùn kan, ẹnì kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn tó máa bá a jókòó sínú ọkọ̀, àti ọ́síjìn tí kò ní tán kí wọ́n tó dé.

Ìpè yẹn náà ló ń jẹ́ kí wọ́n lè tan ẹrù lọ sí ibi tó ṣófo. Ní oṣù kẹta 2020, nígbà tí Kòrónà kún ọsibítù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé dẹ́nu, wọ́n sọ ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá di ibi ìtọ́jú, wọ́n fi kó àwọn tó ń fi ẹ̀rọ mí lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Jámánì náà gba àwọn kan. Wọ́n mọ bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo àti ibi tó wà. Ibi tí kò bá sí ẹni tó mọ ìyẹn, mọ̀lẹ́bí ló ń sá kiri wá a.

A ò lè sọ̀rọ̀ yìí ká má mẹ́nu ba ìdí tí àwọn dókítà kan fi ń pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí aláìsàn lọ. Òmíràn ń rò pé wọ́n á ní òun kò mọṣẹ́. Òmíràn, owó ni. Òmíràn ti gbìyànjú oògùn mẹ́ta, ó fẹ́ wo ti ẹ̀kẹrin, ọ̀sẹ̀ sì ń gorí ọ̀sẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún dókítà tó bá tètè sọ pé “èyí ju èmi lọ” ju ẹni tó di aláìsàn mú lọ. Ó gba ìgboyà. Ìdàkejì rẹ̀ tún wà: àwọn tó ń fi aláìsàn ránṣẹ́ sí ibi àyẹ̀wò tàbí ọsibítù kan torí pé wọ́n á fún wọn ní ìpín nínú owó náà. Òfin Amẹ́ríkà sọ èyí di ìwà ọ̀daràn lórí àwọn tí ìjọba ń san owó ìtọ́jú wọn. Aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀, ṣé kò sí ibòmíràn?

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ìdajì tí kò sẹ́ni tó ń rántí: ìdáhùn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2011 láàárín àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi bó ṣe rí hàn. Nínú àwọn dókítà ìdílé, ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn sábà máa ń fi ìtàn aláìsàn ránṣẹ́ sí àgbà dókítà. Nínú àwọn àgbà dókítà, ìdá 35 péré ló ní àwọn sábà máa ń rí i gbà. Nígbà ìpadàbọ̀, ìdá 81 nínú àwọn àgbà dókítà ní àwọn máa ń fèsì, ìdá 62 nínú àwọn dókítà ìdílé ló ní àwọn ń rí èsì náà. Orílẹ̀-èdè tó ní kọ̀ǹpútà lórí gbogbo tábìlì ló rí báyìí.

Bí èsì kò bá padà, dókítà tó sún mọ́ aláìsàn jù kò ní mọ̀ pé wọ́n ti yí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ padà, kò ní mọ ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n yọ òwú tí wọ́n fi rán ojú ọgbẹ́, kò ní mọ àmì tó yẹ kó máa ṣọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọsibítù ńlá lè ṣí ọkàn èèyàn, àmọ́ kò lè máa yọjú wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nílé rẹ̀, kò sì mọ ẹni tó ń bá a se oúnjẹ. Nítorí náà, ibi tí ètò bá ti pé, aláìsàn máa ń padà sílé pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́ bó ṣe lọ pẹ̀lú lẹ́tà, ilé ìwòsàn kékeré á sì bá a lọ láti ibẹ̀.

Nígbà mìíràn, ìmọ̀ lè rìn kí aláìsàn dúró sí àyè rẹ̀. Ní New Mexico, ní Amẹ́ríkà, Sanjeev Arora ń tọ́jú àrùn ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò hepatitis C ń fà, àwọn èèyàn sì ń dúró oṣù mẹ́jọ kí wọ́n tó rí i. Ní 2003 ó bẹ̀rẹ̀ Project ECHO: lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun àtàwọn dókítà ìgbèríko máa ń pàdé lórí fídíò, oníkálukú á gbé ọ̀ràn aláìsàn rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n á jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2011, ìdá 58.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí dókítà ìgbèríko tọ́jú ló bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò náà, ìdá 57.5 ní yunifásítì tí Arora ti ń ṣiṣẹ́. Bákan náà ni. Kò sí ẹni tó wọ mọ́tò.

Bí ẹbí kò bá sì lè lọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera á ní wọ́n kọ̀, wọ́n á fi kọ sínú fáìlì. Ìbéèrè kan ṣoṣo, “kí ló ń dá yín dúró?”, lè fi hàn pé owó ọkọ̀ ni, tàbí ọmọ mẹ́ta tó wà nílé láìsí alágbàtọ́, tàbí ẹnì kan tó kú sí ọsibítù yẹn lọ́dún tó kọjá. Ní 2015, WHO gbà pé ọmọ tuntun tí àrùn kòkòrò bá ti wọ̀ lára lè gba abẹ́rẹ́ gentamicin àti amoxicillin tí wọ́n ń fún un lẹ́nu nítòsí ilé bí àwọn òbí rẹ̀ kò bá lè gbé e lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọsibítù ló sàn jù. Ìlànà náà kò sọ pé kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀.

Bí wọ́n bá sọ fún yín lọ́la pé kí ẹ gbé èèyàn yín lọ, ẹ má ṣe tíì dìde. Ẹ béèrè orúkọ dókítà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ti fún aláìsàn àti aago tí wọ́n fún un, ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù sí lẹ́tà náà, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀.